Ọjọ́ Méje Lórí Òkun Pẹ̀lú Kíndìnrín Títílayọ̀

Bọ́tìnnì ni mò ń rán mọ́ aṣọ ilé-ìwé nígbà tí ọmọ mi obìnrin wọ ṣọ́ọ̀bù wá sọ pé ọkọ̀ tó máa gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfuurufú ti dé. Mo ní kó ní sùúrù. Bọ́tìnnì méjì ló kù, ọmọ tó ni aṣọ náà sì máa wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo rán méjèèjì, mo já òwú, mo ká téèpù ìwọnṣọ mi sínú àpò láìrò ó, nítorí ó ti mọ́ mi lára. Lẹ́yìn náà mo fi ọṣẹ fọwọ́, mo ń ka ení, èjì, títí mo fi ka ogún. Bí mo ṣe ń fọwọ́ láti ọdún mẹ́rin nìyẹn.

Àwọn tí mò ń ránṣọ fún ní Mùṣin, àti ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Yábàá, ti ń bi mí bí òkun ṣe rí. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ ti òkun láìsọ ohun tí mo fi pamọ́ fún yín. Nígbà tí mo lọ sí Íńdíà lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ gbọ́ pé ojú ni mo lọ tọ́jú. Kì í ṣe ojú. Kíndìnrín mi méjèèjì ló ti dáṣẹ́ dúró. Àwọn ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì tí ẹ rò pé ọjà ni mò ń lọ, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni mò ń lọ jókòó tì. Àbúrò mi Títílayọ̀ ló fún mi ní ọ̀kan nínú méjì tirẹ̀.

Ọmọ bàbá mi ni Títí. Ìyá mi ni ìyáálé, ìyá tirẹ̀ ni ìyàwó. Ilé kan náà la gbé dàgbà, ṣùgbọ́n a kì í jẹ nínú ìkòkò ara wa. Bí ìyá Títí bá fi àkàrà lọ̀ mí, mo gbọ́dọ̀ sọ pé mo ti yó. Nígbà tí àìsàn yìí dé, àwọn ọmọ ìyá mi méjèèjì ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan kò bá tèmi mu. Èkejì kò gbé fóònù mi mọ́. Títí, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì ní Lọ́ńdọ̀nù, ló pè mí fúnra rẹ̀.

“Àǹtí, mo gbọ́ pé ẹ ń wá nǹkan. Ṣé tèmi ò ní ṣe?”

Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ yá aládùúgbò rẹ̀ ní ọlọ.

Lọ́dún yìí ló ní ká jọ gun ọkọ̀ òkun fún ọjọ́ méje, ká kàn máa jókòó, ká máa wo omi. Dókítà mi ní Súrùlérè kò sọ pé kí n má lọ. Ó sọ bí mo ṣe máa lọ, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mi kọ kíndìnrín náà gbọ́dọ̀ wà nínú àpò tó wà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe nínú àpótí tí ẹlòmíràn máa bá mi gbé. Aago mẹ́jọ àárọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́, kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ohun tí kò jinná, rárá. Oúnjẹ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn máa bù, rárá. Ọsàn ńlá kan tí inú rẹ̀ pupa, tó ń korò, rárá, nítorí ó máa ń da oògùn náà rú. Oòrùn, kí n dé fìlà. Ẹni tó bá ń bì, kí n jìnnà sí i, nítorí oògùn yìí ti dín agbára ara mi kù. Ohun tó máa ṣe ẹlòmíràn fún ọjọ́ méjì lè dá mi dùbúlẹ̀ fún oṣù kan, ó sì lè ba kíndìnrín náà jẹ́. Ó kọ lẹ́tà kan tó sọ bí ara mi ṣe rí, ó ní kí n fi han dókítà ọkọ̀ náà.

“Lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ̀ ọ́ o, Mà,” ló wí. “Kì í ṣe lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.”

Èbúté

Mo ti rí ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá, mo sì rò pé mo mọ ohun tí mo máa rí ní Basẹlónà. N kò mọ̀ ọ́n. Àdúgbò kan ni, tí wọ́n tò sókè sókè, tó ní fèrèsé bí ilé oyin. Mo dúró, mo ka àjà rẹ̀ dé mẹ́tàlá, ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Títí ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ju báàgì sílẹ̀ láàárín èrò, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, Àǹtí mi!” Òyìnbó méjì sáré wá gbé e dìde. Wọ́n rò pé ó ṣubú ni. Ọ̀kan ń wo orúnkún rẹ̀ bóyá ó fara pa. Títí ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n òun ni òun ń kí. Ọkùnrin náà wá wò mí tìyanu-tìyanu, bóyá ó ń rò pé ọba ni mí níbì kan.

Kí a tó wọlé, wọ́n fún olúkúlùkù ní ìwé. Ṣé o ti bì láàárín ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn? Rárá. Ṣé àìsàn tàbí iṣẹ́ abẹ kan wà tó yẹ kí dókítà ọkọ̀ mọ̀? Mo di bírò mú. Lẹ́tà wà nínú àpò mi.

“Kí la máa kọ?” mo bi Títí.

“Kò sí,” ni Títí wí. “Ara yín ò le ni? Ta ni wọ́n tí a fẹ́ máa rojọ́ ara wa fún?”

Mo kọ “kò sí” fún ara mi. Mo kọ ọ́ fún òun náà, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹrù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ mọ bó ṣe rí. Èèyàn lè wà lórí ibùsùn, kí omi máa kán sí i lára. Bí ẹ bá bi í pé ṣé dáadáa ni, á ní a dúpẹ́. Bí mo ṣe dá ìwé yẹn lóhùn nìyẹn, bí ẹni ń dáhùn ìkíni.

Orí tábìlì

Lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ ọkọ̀ náà ni obìnrin kan máa ń dúró sí, tó ń fọ́n oògùn apakòkòrò sí gbogbo èèyàn lọ́wọ́, tó ń kọrin, tó ń jó díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá na ọwọ́ sílẹ̀ kò ní wọlé, ìbáà jẹ́ olówó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Inú ilé yẹn, oúnjẹ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gùn tó ọgbà ilé-ìwé. Títí máa ń mú àwo méjì. Èmi máa ń jókòó, wọ́n á dín ẹja fún mi láti ibi ìdáná, á gbóná dé ọ̀dọ̀ mi. Ìrẹsì wọn kò jinná tó, ó ń le lábẹ́ eyín. Mo dá a padà lẹ́ẹ̀kan, ojú sì tì mí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa mú kí wọ́n tún un sè títí ó fi rọ̀, ó gbé e wá bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi.

Ìyá arúgbó kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá wa jókòó. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ní ká máa pe òun ní Jéènì. Títí pè é bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹnu tèmi kò gbà á, “Mà” ni mo ń pè é títí a fi pínyà. Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa wọn ni pé wọn kì í fi oúnjẹ ṣe dandan. Nílé wa, bí o bá kọ oúnjẹ ẹni, o máa ṣàlàyé, wọ́n á sì tún bù ú fún ọ. Níbẹ̀, mo ní “rárá, ẹ ṣé,” Jéènì sì gbé àwo rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin, mo jẹun láàárín èèyàn láìpa irọ́ kankan.

Lójú oòrùn, mo máa ń dé fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, mo máa ń wọ aṣọ alápá gígùn.

“Ẹ jọ olùkọ́ àgbà tó ń lọ wo àwọn ọmọ lórí ìlà,” ni Títí wí.

“Wá tò sórí ìlà nígbà náà.”

Ó tò lóòótọ́, ó na apá síwájú bíi ti àwọn ọmọ ilé-ìwé, níwájú gbogbo àwọn tí wọ́n wọ ṣòkòtò ìwẹ̀ kiri.

Nápólì

Lọ́jọ́ kẹrin, a sọ̀kalẹ̀ ní Nápólì. Ariwo ìlú yẹn mú kí ọkàn mi balẹ̀: ọ̀kadà, aṣọ tí wọ́n sá láti fèrèsé kan dé èkejì, àwọn ìyá tó ń pariwo sí ara wọn láti òkè. Bí mo ṣe bo imú, àwọn èèyàn ń yà fún mi lójú ọ̀nà. Èmi ni wọ́n ń sá fún, wọn ò mọ̀ pé èmi ni mò ń sá fún wọn.

A yà sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta tíì àti kọfí. Ó wo ìbòmú mi. Ó mú ife tó ti fọ̀ kúrò níwájú mi, ó padà lọ da omi tó ń hó sí i, ó nù ún pẹ̀lú aṣọ tuntun, ó wá bu tíì sí i. Ó fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó nawọ́ sí mi. Èdè wa kò papọ̀. N kò mọ ẹni tó ń ṣàìsàn nílé tirẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnì kan wà.

Ní iwájú ibẹ̀, wọ́n ń ta àwọn ẹran inú karawun lórí yìnyín. Wọ́n á la karawun, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, èèyàn á gbé e mì ní tútù.

“Títí, má jẹ ẹ́.”

“Ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ má jẹ ẹ́. Wọn ò dárúkọ mi.”

Ó jẹ mẹ́sàn-án. Mo kà á.

Ìwé tí mo kọ

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo jí ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú ogún. Omi ń ṣàn nínú ilé ìwẹ̀ wa, kò sì dáwọ́ dúró. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Títí ṣí omi sílẹ̀ kí n má baà gbọ́ bó ṣe ń bì ni. Mo kan ilẹ̀kùn.

“Ẹ lọ jẹun, Àǹtí.”

“Ṣílẹ̀kùn.”

“Mi ò ṣí i. Ẹ jáde nínú yàrá yìí. Ẹ jọ̀ọ́.”

Mo mọ ohun tó wà nínú ìwé kékeré mi. Mo tún mọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Bí ẹni rẹ bá ń bì, o máa di iwájú orí rẹ̀ mú, o máa fi omi tútù pa á lójú. N kò rí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ kó dá bì rí. Mo dúró síbẹ̀, mo gbọ́ nígbà tó ṣubú lulẹ̀. Mo fi bèbè owó kọ́bọ̀ kan yí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn láti ìta, mo fi ìbòmú méjì bo imú, mo gbé e jókòó. Ara rẹ̀ tutù. Ó ní ikùn ń dùn òun, ẹ̀yìn náà ń dùn òun. Mo pe dókítà lórí fóònù yàrá.

Obìnrin ni dókítà náà, láti Gúúsù Áfíríkà, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó ti ka ìwé wa kó tó dé. Ó bi Títí lọ́rọ̀, Títí ti di ojú, kò lè dáhùn dáadáa. Dókítà ṣí àpótí rẹ̀, ó fa abẹ́rẹ́ ìrora. Mo bi í ní orúkọ abẹ́rẹ́ náà. Ó sọ ọ́ fún mi. Orúkọ yẹn wà ní ojú ewé kejì ìwé kékeré mi, lára àwọn oògùn ìrora tó lè ṣe kíndìnrín ní jàǹbá. Wọ́n kìlọ̀ rẹ̀ fún Títí náà lọ́jọ́ tí a jọ kúrò nílé ìwòsàn.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un,” mo sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. “Kíndìnrín kan ṣoṣo ló ní.”

“Ìwé rẹ̀ sọ pé kò sí nǹkan kan.”

“Irọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ́.”

“Kí ló ṣe kíndìnrín kejì?”

“Ó wà lára mi.”

N kò sọ ọ́ sétí àlejò rí. Dókítà dá abẹ́rẹ́ náà padà sínú àpótí jẹ́jẹ́. Ó wo Títí, ó wò mí, ó wo ọwọ́ mi tó di orí Títí mú. Kò pariwo. Ó kàn ní kí n gbé Títí lé òun lọ́wọ́, kí n dìde, kí n fọwọ́, kí n sì jáde nínú yàrá náà báyìí. Ní ìta, mo fún un ní lẹ́tà tó yẹ kí n ti fún un láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó kà á tán.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?”



Àga

Wọ́n fi omi sí Títí lára nílé ìwòsàn ọkọ̀ náà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wa méjèèjì wò. Tèmi dára. Tirẹ̀ kò dára: omi ara rẹ̀ tó ti gbẹ ti mú kí kíndìnrín kan tó kù náà máa falẹ̀. Dókítà ní ó lè padà bọ̀ sípò, ó sì lè má padà. Ó ní ká dúró wò ó. Wọ́n dá Títí padà sí yàrá wa lọ́sàn-án, nígbà tó ti dáwọ́ bíbì dúró, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọ́n fún èmi ní yàrá mìíràn ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Kí n tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wákàtí méjìdínláàádọ́ta gbọ́dọ̀ kọjá láìbì.

Mo jókòó sí yàrá tuntun yẹn, mo rò ó síwá sẹ́yìn. Èmi ló gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà ni mo kọ “kò sí” sórí ìwé rẹ̀. Bí èyí tó kù bá lọ, kí ni mo fẹ́ fi dá a padà?

Lọ́dọ̀ wa, ilé ì bá ti kún. Ẹnì kan á gbé ògì wá, ẹnì kan á gbé àdúrà wá, ẹnì kan á sì sọ ìtàn ẹni tí irú àìsàn yìí pa ní Ìjẹ̀bú. Níbẹ̀, wọ́n fi aláìsàn sílẹ̀ ní òun nìkan, wọ́n sì kà á sí inúure. N kò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ́dì, ará Filipíìnì tó ń tọ́jú yàrá wa, rí mi bí mo ṣe ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú ilẹ̀kùn Títí. Ó lọ gbé àga kan wá. Dókítà ní kí n gbé e jìnnà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kí n bo imú, kí n má sì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà. Mo yọ téèpù ìwọnṣọ mi, Ẹ́dì di etí rẹ̀ kan mú. A wọ̀n ọ́n ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀, títí wọ apá kejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí láti àárọ̀ di àkókò oúnjẹ alẹ́.

“Àǹtí, ẹ tún wà níbẹ̀?” Ohùn rẹ̀ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde.

“Mo wà.”

“Ẹ lọ wo òkun. Torí òkun la ṣe wá.”

“Òkun ò lọ síbì kan.”

Àwọn tó ń kọjá ń kí mi. Jéènì wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó ń hun nǹkan, kò sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ fún wákàtí kan. Nígbà tó fẹ́ lọ, èmi àti Ẹ́dì la jọ gbé e dìde.

N kò bi Títí rí ìdí tó fi fún mi ní kíndìnrín. Ọ̀rọ̀ náà tóbi jù fún ojú kojú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wà láàárín wa, mo sì bi í lọ́jọ́ kejì.

“Wọ́n ní ẹ máa kú. Èmi ní méjì. Ṣé ìyẹn náà fẹ́ àlàyé ni?”

“Ìyá rẹ ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọ́n sunkún. Wọ́n wá ní kí n má jẹ́ kẹ́ ẹ dúpẹ́ jù, pé ẹ jẹ́ ẹni tí nǹkan máa ń ká lára.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà rẹ̀ ẹ́. “Àǹtí, ẹ ń sunkún?”

“Rárá.”

“Ìbòmú yín á tutù o. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.”

Mo pààrọ̀ rẹ̀.

Aago mẹ́wàá

Láàárọ̀ ọjọ́ keje, dókítà jáde láti yàrá Títí, ó sì yọ ìbòmú rẹ̀ kí n lè rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ̀ wò láàárọ̀ yẹn ti dára, kíndìnrín náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní a lè wà pa pọ̀ láti aago méjìlá ọ̀sán, nígbà tí wákàtí méjìdínláàádọ́ta bá pé. Kì í ṣe kó tó dìgbà náà. Ó tún un sọ, ó sì dúró títí mo fi mi orí.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi pa òfin mọ́. N kò jẹ ohun tí wọ́n ní kí n má jẹ, n kò pẹ́ lo oògùn rí. Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ẹ́dì gbé ọkà sísè kan tó dà bí ògì wọlé fún Títí, ó jáde. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró ṣíbí lára àwo. Ó ń jẹun. Ó ń ha ìsàlẹ̀ àwo.

Ó ti di ọjọ́ méjì tí n kò fi ojú kàn án. N kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo kàn fẹ́ rí ojú rẹ̀, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe rí, kí n sì padà sórí àga mi. Káàdì tó ń ṣí yàrá náà ṣì wà lápò mi, nítorí kò sẹ́ni tó rántí gbà á. Mo wo apá ọ̀tún, mo wo apá òsì. Mo dìde. Mo fi káàdì náà kan ẹnu ilẹ̀kùn, iná kékeré rẹ̀ tàn, mo sì di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

Ṣíbí dákẹ́ nínú yàrá.

“Àǹtí mi,” ni Títí wí, “ẹ yọwọ́ lára ilẹ̀kùn yẹn. Bí èyí tó wà lára yín bá bàjẹ́, ẹyọ kan ló kù lára mi, èmi náà sì ń lò ó.”